Bí mo ṣe ṣètò àtiwo Carnival Trinidad àti eré ewúrẹ́ Tobago

Kàlẹ́ńdà ni mo kọ́kọ́ ṣí, kí n tó wá tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú rárá. Ọdún Àjíǹde ló ń tì Carnival, àjọ̀dún orin àti ijó ìgboro ní erékùṣù Trinidad ní Caribbean, síwá sẹ́yìn: ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́rú Eléérú ni wọ́n ń ṣe é. Eré ewúrẹ́, ìyẹn ìdíje eré sísá àwọn ewúrẹ́ ní abúlé Buccoo, ní Tobago, erékùṣù kejì orílẹ̀-èdè náà, ń bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé Àjíǹde. Ẹ kà á wò, ọ̀sẹ̀ 7 gẹ́lẹ́ ló wà láàárín ọjọ́ Ìṣẹ́gun méjèèjì. Ní 2027, ọjọ́ 8 àti 9 oṣù kejì ni Carnival, eré ewúrẹ́ sì bọ́ sí ọjọ́ 30 oṣù kẹta. Ẹni tí kò bá lè dúró tó bẹ́ẹ̀, kó mú ọ̀kan, tàbí kó lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ilé tí mo gbà, ìtòsí Queen's Park Savannah ni, pápá ńlá tí Carnival ti ń wáyé ní Port of Spain, olú ìlú ibẹ̀. Wọ́n máa ń dí ojú pópó nígbà Carnival, nítorí náà ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé èèyàn dé ṣe pàtàkì ju yàrá tó rẹwà lọ. Ẹ gbà á kí Kérésìmesì tó dé. Mo yọ gbogbo aṣọ tó ní àwọ̀ aṣọ sójà kúrò nínú ẹrù, torí òfin ibẹ̀ kò gbà kí aráàlú wọ̀ ọ́. Fún ìrìn inú ìlú, maxi taxi, ìyẹn bọ́ọ̀sì kékeré, tó ní ìlà yẹ́lò ni kí ẹ wò fún. Ìlà pupa ń lọ sí ìhà ìlà oòrùn.

Tí ẹ bá bi mí léèrè, àgbàlá tí àwọn onípáànù (àwọn tó ń lu páànù, ohun èlò orin tí wọ́n fi àgbá epo ṣe) ti ń kọ́ orin, tí wọ́n ń pè ní panyard, ló dùn jù nínú gbogbo Carnival. Ó tó kí ẹ ti débẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán, ṣáájú àṣekágbá Panorama, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ onípáànù, tó máa ń wáyé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ṣáájú Carnival. Nínú àwọn ẹgbẹ́ náà, All Stars wà ní Duke Street, Renegades ní Charlotte Street, Phase II ní Woodbrook. Alẹ́ ni kí ẹ lọ.

Ẹ sún mọ́ páànù náà dáadáa. Ìdí àgbá epo ni wọ́n lù wọnú títí ó fi rí bí abọ́, kí wọ́n tó fi òòlù yọ ojú ohùn kọ̀ọ̀kan síbẹ̀. Tenor, tó ní ohùn tó ga jù, àgbá kan tí wọ́n gé kúrú ni. Báàsì ń lo odidi àgbá 6 fún ẹni kan ṣoṣo, ojú ohùn 3 péré ló sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ ńlá lè ní olùlù 120. Láì wo ìwé ni wọ́n ń kọ́ orin tó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 8: wọ́n á lu abala kúkúrú kan ní àlùtúnlù títí ọwọ́ gbogbo wọn á fi mọ́ ọn, kí wọ́n tó kọjá sí òmíràn. Ẹni tó bá kánjú lọ nítorí pé wọ́n ń tún un lù ti pàdánù ẹ̀kọ́ náà. Ẹ má dúró níwájú àwọn tó ń lu irin búrékì ọkọ̀ láì fi nǹkan dí etí. Ariwo rẹ̀ ń gún etí gan-an.

Ní alẹ́ àṣekágbá ní Savannah, ibi ìjókòó méjì ló wà: Grand Stand wà fún ẹni tó fẹ́ jókòó gbọ́ orin jẹ́ẹ́, North Stand fún ẹni tó fẹ́ jó. Èmi fẹ́ràn ojú ọ̀nà tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń ti páànù wọn bọ̀ wá sórí ìtàgé ju méjèèjì lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lu orin náà kẹ́yìn kí wọ́n tó gòkè, èèyàn sì lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ olùlù.

Ẹ má fi Canboulay ṣeré, eré oníṣe tí wọ́n ń ṣe ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì ṣáájú Carnival ní Piccadilly Greens, ní Port of Spain. Ó ń sọ bí aráàlú ṣe kojú ọlọ́pàá ní 1881. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba amúnisìn fòfin de ìlù ní 1884, àwọn èèyàn bá mú ọparun lù, nígbà tó yá wọ́n bọ́ sórí irin. Ẹni tó bá wo eré yìí á mọ ìdí tí páànù fi wà kó tó gbọ́ ọ ní Savannah. Àwọn tó ń bọ Ògún àti Ṣàngó ṣì wà ní erékùṣù náà. Ẹ má wọ àgbàlá wọn láìjẹ́ pé wọ́n pè yín.

Ìdájí ọjọ́ Ajé Carnival ni J'ouvert, ijó ìgboro tí wọ́n fi ń ṣí i, láti nǹkan bí aago 4. Ẹrẹ̀, ọ̀dà àti epo ni wọ́n ń fi para. Aṣọ àti bàtà tí ẹ lè sọ nù ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ di fóònù sínú ọ̀rá, kí ẹ sì ti fi òróró para tẹ́lẹ̀, kí ọ̀dà lè tètè ṣí lára.

Fún Tobago, ọkọ̀ ojú omi láti Port of Spain dé Scarborough, ìlú èbúté Tobago, ń gba wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Ọkọ̀ òfurufú kò tó ìdajì wákàtí. Láti 1925 ni eré ewúrẹ́ Buccoo ti wà. Ewúrẹ́ ló ń ṣáájú, ẹni tó ń darí rẹ̀ ń sá tẹ̀ lé e láìwọ bàtà, okùn ní ọwọ́ kan, pàṣán ní èkejì. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ewúrẹ́ a máa ṣẹ́rí sí ọ̀nà ẹlòmíràn, nítorí náà ẹ wo bí wọ́n ṣe ń to wọn sí ìlà kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ fara balẹ̀ níbẹ̀ ni mo máa ń fojú sí. Ìdíje akàn náà wà níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ ni kí ẹ rà pọ̀, torí ọ̀pọ̀ èrò ló ń padà sí Trinidad lẹ́ẹ̀kan náà.