Ìkìlọ̀ Kan, Ogún Fáìlì: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Kíkọ Ìwé Ìlànà

Àwọn tó ń ta ínfátà àti sólà ti pọ̀ ní Òṣogbo, láti Ọláìyá títí dé Òkè-Fìà, débi pé kíkọ ìwé ìlànà ti di iṣẹ́ gidi fáwọn kan lára wa. Lóòótọ́, ìlú yìí ni National Control Centre wà, níbi tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná káàkiri Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ilé wa àti ṣọ́ọ̀bù wa nílò bátìrì bíi ti ìlú yòókù. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ ń gbé ìwé kan lọ sílé pẹ̀lú rẹ̀. Ìwé yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, àti ọ̀nà tí à ń gbà kọ ọ́ ní kókó-kókó kí a lè tún ọ̀rọ̀ kan náà lò nínú ìwé púpọ̀.

Ọ̀nà náà kò ta kókó. Dípò kí akọ̀wé jókòó kọ ìwé gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, á kọ kókó kéékèèké, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo. Báwo ni mo ṣe máa so bátìrì mọ́ ínfátà? Kí ló dé tí iná pupa fi ń ṣẹ́jú? Lẹ́yìn náà ni a ó to àwọn kókó wọ̀nyí pọ̀ di ìwé. Kókó kan lè jáde nínú ìwé mẹ́wàá, ibì kan náà la kọ ọ́ sí. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń tẹ̀lé fún irú iṣẹ́ yìí ni DITA. Ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM ló dá a sílẹ̀, wọ́n sì fà á lé OASIS lọ́wọ́, ẹgbẹ́ tó ń mójú tó irú ìlànà bẹ́ẹ̀. OASIS fọwọ́ sí ẹ̀dà 1.0 ní 2005, ọdún tí UNESCO kọ Igbó Ọ̀ṣun wa náà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé. Ẹ̀dà 1.3 jáde ní 2015. Ọ̀fẹ́ ni ìlànà náà, ọ̀fẹ́ sì ni DITA Open Toolkit tó ń sọ ọ́ di PDF tàbí ojú ewé ayélujára. Owó kọ́ ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ lọ́wọ́ wa, àwọn àṣà kan ni.

Ẹ má pe kíkọ́pì ní àtúnlò

Èyí ló wọ́pọ̀ jù lọ, òun náà ló sì léwu jù. Akọ̀wé á kọ ìkìlọ̀ tó dáa nípa bátìrì, á kọ́pì í, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé kejì, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀kẹta, títí á fi dé ogún. Á ní òun ń tún un lò. Rárá o. Ogún ìkìlọ̀ ló wà nílẹ̀ báyìí, bí ohunkóhun bá sì yí padà, ogún ìgbà ló gbọ́dọ̀ rántí.

Ilé iṣẹ́ kan nílùú yìí ní ìkìlọ̀ kan tó kà báyìí: "Ẹ gbé bátìrì síbi tí òjò kò ní dé." Kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ kò tó. Bátìrì olómi máa ń tú gáàsì hydrogen jáde nígbà tí iná bá ń wọ inú rẹ̀, bí gáàsì yìí bá sì tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀, ẹ̀ta iná kékeré kan ti tó láti mú kó gbiná. Onímọ̀ ẹ̀rọ wọn ní kí wọ́n fi kún un pé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní atẹ́gùn. Akọ̀wé ṣe é nínú fáìlì tó wá sí i lọ́kàn, ó sì gbàgbé ti ínfátà kékeré. Nígbà tó yá, ọmọkùnrin tó ń bá wọn to sólà dé ilé bàbá kan tó ra ti kékeré yẹn, ó sì bá bátìrì nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa lábẹ́ àtẹ̀gùn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní kí ẹ gbé e síbí?"

"Ìwé yín ni. Ó ní kí òjò má ṣáà pa á. Ṣé òjò wá ń rọ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn ni?"

"Ẹ má bínú, sà. Ìwé àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ yín."

Bàbá náà kò jẹ̀bi rárá. Ó ka ìwé, ó sì ṣe ohun tí ìwé wí. Ẹ̀rù irú nǹkan báyìí ló ń bà mí jù nínú iṣẹ́ wa, torí pé ẹni tó gbọ́ràn sí wa lẹ́nu gan-an ni ewu á bá.

Ohun tó yẹ ni pé kí ìkìlọ̀ náà wà nínú fáìlì kan ṣoṣo, kó ní id tirẹ̀, ìyẹn orúkọ tí a fi ń dá a mọ̀, kí gbogbo ìwé yòókù fi conref pè é, ìyẹn ìtọ́ka tó ń fa ọ̀rọ̀ wá láti fáìlì mìíràn. Nígbà tí a bá ń gbé ìwé jáde ni irinṣẹ́ á lọ mú un wá láti orísun rẹ̀. Bí a bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan, tí a sì tún àwọn ìwé gbé jáde, gbogbo wọn ti gbà á nìyẹn. Ẹ má sì fi ìkìlọ̀ àjùmọ̀lò sínú ìwé ẹ̀rọ kan pàtó kí àwọn yòókù máa wá yá a níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ yẹn bá kúrò lọ́jà, tí ẹnì kan pa fódà rẹ̀ rẹ́, gbogbo ìwé tó gbára lé e ló máa ṣófo lójú kan náà. Fódà ọ̀tọ̀ ni kí ẹ ṣí fún ohun tí gbogbo ìwé ń lò. Ti pépà tó ti wà lọ́wọ́ oníbàárà, kò sí conref tó lè dé ibẹ̀, nítorí náà ẹ máa kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà ẹ̀dà sí ẹ̀yìn ìwé, kí ẹni tó bá débẹ̀ lè mọ èyí tí bàbá ń kà.

Ẹ má da ohun tó jọra pọ̀ mọ́ ohun kan náà

Àwọn tó bá ti bọ́ lọ́wọ́ kíkọ́pì máa ń ṣubú sí òdìkejì. Wọ́n á fẹ́ kí gbogbo nǹkan jẹ́ àjùmọ̀lò. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá kan ń ka iye àtúnlò bí ẹni ń ka èrè, wọ́n sì ń yin akọ̀wé tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù. Kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo kókó tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní "Ìtọ́jú bátìrì". Nínú ti bátìrì olómi, a gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà pé kó máa yẹ omi bátìrì wò, kó sì máa fi kún un. Bátìrì lithium kò fẹ́ omi kankan, ẹni tó bá sì ń wá ibi tó máa da omi sí lára rẹ̀ ti ń wá wàhálà. Bátìrì olómi máa ń nílò kí a fún un ní iná tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè dọ́gba. A kò gbọ́dọ̀ dán irú iná bẹ́ẹ̀ wò lára lithium. Kódà, 12 V tí wọ́n kọ sára àwọn méjèèjì kì í ṣe ohun kan náà. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2 V ló wà nínú bátìrì olómi, nígbà tó jẹ́ pé mẹ́rin oní-3.2 V ló wà nínú LiFePO4, irú bátìrì lithium kan, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12.8 V. Fóltì tí a bá kà, tó sì fi hàn pé iná ṣì kù díẹ̀ nínú bátìrì olómi, lè jẹ́ àmì pé ti LiFePO4 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Àtẹ kan kò lè sin àwọn méjèèjì.

Ìbéèrè kan ni mo máa ń ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ bi ara wọn: bí ọ̀kan bá yí padà lọ́la, ṣé dandan ni kí èkejì yí padà? Bó bá jẹ́ dandan, ibì kan náà ni kí wọ́n wà. Bí kò bá jẹ́ dandan, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà lọ́tọ̀, ì báà jẹ́ pé ọ̀rọ̀ inú wọn bá ara mu délẹ̀ lónìí.

Àwọn kan á sọ pé àwọn lè fi àmì sára ìpínrọ̀, kí ditaval, fáìlì tó ń sọ àmì tí a ó yọ, yọ ohun tí kò kan ẹ̀rọ kan kúrò. Ó ṣeé ṣe, ó sì wúlò fún ìyàtọ̀ kékeré, irú bí iye fóltì tàbí orúkọ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí àmì bá ti pọ̀ nínú kókó kan débi pé akọ̀wé gan-an kò lè kà á kó mọ ohun tí oníbàárà máa rí, ẹ là á sí méjì.

Ẹ má fi ìgbésẹ̀ pamọ́ sínú àlàyé

DITA pín kókó sí irú mẹ́ta pàtàkì: àlàyé, iṣẹ́ ṣíṣe, àti àtẹ ìtọ́kasí. Ọ̀pọ̀ ìwé wa ń po gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo ti rí ìpínrọ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí charge controller jẹ́, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí iná láti páńẹ́lì sínú bátìrì, tó wá sọ irú méjì tó wà, tó yin èyí tí wọ́n ń tà, tó sì parí báyìí: "ó sì dára kí bátìrì ti wà lórí rẹ̀ kí a tó so páńẹ́lì." Ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn, ìrù ìpínrọ̀ ni wọ́n sì sọ ọ́ sí! Charge controller púpọ̀ máa ń wo fóltì bátìrì kó lè mọ̀ bóyá 12 V tàbí 24 V ni ètò náà. Bí páńẹ́lì bá ṣáájú, nǹkan lè bàjẹ́.

Kí ó rí báyìí: Ẹ pa bíréékà páńẹ́lì. Ẹ so wáyà bátìrì mọ́ controller, pupa sí +, dúdú sí −. Ẹ dúró kí iná controller tàn. Ẹ wá so páńẹ́lì. Ìgbésẹ̀ kan, ìlà kan, nọ́ńbà kan. Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, kókó àlàyé wà lọ́tọ̀ fún un. Ẹni tí iná lọ mọ́ lọ́wọ́ lálẹ́, tó ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù kàwé, kò nílò rẹ̀ nígbà yẹn.

Ẹ má sì kọ "gẹ́gẹ́ bí a ti sọ lókè" sínú kókó kankan. Kókó ń ṣí kiri, èyí tó wà lókè nínú ìwé kan lè máà sí nínú òmíràn. Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn, kí ẹ sì fi ìtọ́ka sí i.

Ẹ má tún ègé gbólóhùn lò ní Yorùbá

Èyí kò sí nínú ọ̀pọ̀ ìwé tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí, torí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ wọ́n. Àwọn oyìnbó lè fi àyè sílẹ̀ nínú gbólóhùn kan, kí orúkọ ohunkóhun wá bọ́ sí i. Yorùbá kò gba irú rẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀-ìṣe wa mọ ẹni tó ń bá rìn. Sìkúrù, à ń tú u. Ìdérí, à ń ṣí i. Fíúùsì, à ń yọ ọ́. Síwíṣì, à ń pa á. Ẹni tó bá fi "Ẹ yọ" sílẹ̀ kí orúkọ máa wọlé lẹ́yìn rẹ̀ á jí lọ́jọ́ kan bá "Ẹ yọ síwíṣì" nínú ìwé rẹ̀, oníbàárà tó bá sì gbọ́ràn á fà á jáde lára ògiri. Ẹ tún wo ẹ̀yìn àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn: u, i, ọ́, á. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá yí padà, arọ́pò-orúkọ á yí. Ohùn pàápàá ń yí: "ẹ wọ̀n ọ́n" la máa ń sọ, àmọ́ bí orúkọ bá tẹ̀ lé e, ó di "ẹ wọn fóltì rẹ̀". Kò sí irinṣẹ́ tó máa bá wa tún ohùn yẹn ṣe. Gbólóhùn odindi ni kí ẹ máa tún lò, tàbí ìgbésẹ̀ odindi.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ náà ń bẹ níbẹ̀. Bí akọ̀wé kan bá kọ "tẹ bọ́tìnì yìí" tí èkejì sì kọ "ẹ tẹ bọ́tìnì yìí", kò sí ohun tó burú nígbà tí wọ́n wà lọ́tọ̀. Ẹ to àwọn méjèèjì sínú ìwé kan, ẹ gbé e fún ìyá àgbà kan ní Ìgbọ̀nà. Á rò pé àárín ojú ewé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí òun fín. Kí gbogbo ẹni tó ń kọ kókó fẹnu kò lórí "ẹ" kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n ń pe ohun èlò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá ń kọ "bíréékà", kí ẹlòmíràn má kọ "gígé iná".

Ti irinṣẹ́ olówó ńlá, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ má rà á kí ẹ tó mọ irú kókó tí ẹ ní. DITA Open Toolkit ń gba Markdown náà, ọ̀nà ìkọ̀wé tí àmì rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà ẹni tí XML, èdè alámì tí a fi ń kọ DITA, bá ń dẹ́rù bà ṣì lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó mọ̀.

Ẹ má fọwọ́ kan kókó àjùmọ̀lò láìmọ ẹni tó ń lò ó

Agbára àtúnlò ni pé àtúnṣe kan ń dé ibi gbogbo. Ewu rẹ̀ náà nìyẹn. Ẹni tó ń kọ ìwé ínfátà 5 kVA lè rí i pé ìgbésẹ̀ kan kò bá ẹ̀rọ òun mu, kó yí i padà lójú ẹsẹ̀, kó má sì mọ̀ pé ìwé mẹ́jọ mìíràn ń mu nínú orísun yẹn. Kí kókó àjùmọ̀lò kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan tó ni ín, kí orúkọ rẹ̀ wà nínú fáìlì náà. Kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ wá id rẹ̀ káàkiri gbogbo fódà, ẹ kọ orúkọ ìwé tó ń pè é sílẹ̀, ẹ sì bi àwọn tó ń mójú tó wọn léèrè. Bí ìwé kan bá wà tí àtúnṣe náà kò bá mu, ẹ kọ́kọ́ kọ kókó tirẹ̀ fún un, ẹ yí ìtọ́ka rẹ̀ sí ibẹ̀, ẹ gbé e jáde kí ẹ kà á, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá tún ti àjùmọ̀lò ṣe.