Bí a ṣe ń to bátìrì lithium 48V fún ilé l'Ékòó, kí ó sì pẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ yọ tubular (bátìrì olómi tó ní òjé nínú) kúrò lẹ́yìn inverter rẹ̀, kó fi lithium rọ́pò, kó mọ̀ pé àpótí nìkan kọ́ ló ń pààrọ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ti yàtọ̀, torí náà gbogbo nọ́ńbà tí oníná tẹ̀ sínú inverter láyé tubular gbọ́dọ̀ yí padà pẹ̀lú. Bátìrì lithium tí a bá fi nọ́ńbà tubular ṣiṣẹ́ lè wú, owó ńlá á sì wọgbó. Ohun tí a fi ṣe bátìrì ló máa sọ bí a ṣe ń lò ó.

Lithium kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Cobalt ló pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ bátìrì fóònù. Èyí tó dára fún ilé ni lithium iron phosphate, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní LFP tàbí LiFePO4. Ní 1997 ni John Goodenough àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní University of Texas gbé e jáde. Goodenough yìí wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ní 2019 nítorí bátìrì lithium. Nínú LFP, phosphorus di oxygen mú pinpin, ooru kì í tètè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú bátìrì cobalt, oxygen máa ń jáde bí ó bá gbóná jù, òun ló sì ń bu epo sí iná. Àìlera LFP ni pé iná kì í fi bẹ́ẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná gan-an, wọ́n sì fi carbon bo hóró rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìgbà yẹn ló tó wúlò. Ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ ṣì lè jó, nítorí náà kò sí bátìrì tí a lè fojú di.

Ìṣirò kí a tó lọ sọ́jà

Ẹ jẹ́ ká mú ilé oníyàrá méjì kan ní Súrùlérè. Gílóòbù LED márùn-ún oní-10W, fáànù méjì oní-70W, tẹlifíṣọ̀n 80W, rọ́tà íntánẹ́ẹ̀tì 10W, àti fíríìjì tó ń jẹ 100W bí a bá pín in dọ́gba. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 380W. Bí NEPA bá mú iná lọ fún wákàtí mẹ́jọ, 3,040Wh (watt ní ìlọ́po wákàtí) nìyẹn. Inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ fi 0.9 pín in, ó di bíi 3,380Wh. A kì í lo bátìrì gbẹ. Ìdá 80 nínú 100 la máa lò, ẹ fi 0.8 pín in, ó di bíi 4,220Wh. Sẹ́ẹ̀lì LFP kan, ìyẹn ẹyọ kan nínú àwọn tí a ń tò di bátìrì, jẹ́ 3.2V. Mẹ́rìndínlógún tí a so tẹ̀lé ara wọn jẹ́ 51.2V, òun náà la ṣì ń pè ní 48V; bí wọ́n bá sì jẹ́ oní-100Ah (amp ọgọ́rùn-ún fún wákàtí kan), 5,120Wh la ní. Ó tó, ó tún ṣẹ́kù.

Tubular ò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ ju ìdajì lọ, nítorí náà iṣẹ́ kan náà á gba bíi 6,760Wh, ìyẹn mẹ́rin oní-12V 150Ah. Pọ́ǹpù omi, áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ amúlétutù ò sí nínú ìṣirò yìí. Ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n kún un, kó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Yíyan sẹ́ẹ̀lì

Ẹ má lọ sí Alaba tàbí Computer Village lọ́wọ́ òfìfo. Ẹ mú mítà dání. Kí sẹ́ẹ̀lì mẹ́rìndínlógún náà jẹ́ ọmọ ìyá kan: ilé iṣẹ́ kan náà, ìwọ̀n kan náà, oṣù kan náà ni kí wọ́n ti ṣe wọ́n. Ẹ gbé wọn síbi tó tẹ́jú, kí ẹ wo ikùn wọn; èyí tó bá ti yọ ikùn, ẹ dá a padà. Ẹ wo orí rẹ̀: bí ojú àjópọ̀ àtijọ́ bá wà lára ibi tí a ń so iná mọ́, tàbí tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ lọ ọ́ dán, inú ọkọ̀ ni wọ́n ti tú u. Ẹ wo ihò afẹ́fẹ́ kékeré tó wà láàárín, kí ó wà ní dídì pátápátá.

Sẹ́ẹ̀lì tuntun sábà máa ń wà láàárín 3.28V sí 3.31V. Kí ìyàtọ̀ àárín èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù má ju 0.02V lọ. Èyí tó bá wà nísàlẹ̀ 2V, ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Bébà bàbà wà nínú rẹ̀ lápá nẹ́gẹ́tífù. Bí sẹ́ẹ̀lì bá gbẹ jù, bàbà yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í yòrò sínú omi rẹ̀. Nígbà tí a bá tún gbá ṣáájì sí i, bàbà tó ti yòrò á dì sí ibi tí kò yẹ, á sì di ṣọ́ọ̀tì láti inú wá. Ó lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá lè rí mítà oníwáyà mẹ́rin tó ń wọn agbára ìdènà inú sẹ́ẹ̀lì, ẹ yá a. Mítà lásán ò lè ka nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀, torí ìdá kékeré nínú ohm kan tí a pín sí ẹgbẹ̀rún ni. Ẹ fi ohun tó bá kà wé ìwé tí ilé iṣẹ́ fi sọ́wọ́. Kí gbogbo wọn bára mu ló ṣe pàtàkì jù. Ọ̀kan tó bá fi ìdá 30 nínú 100 ga ju àwọn yòókù lọ ló máa fa gbogbo wọn sẹ́yìn.

Ẹ lè gbọ́ nípa bátìrì sodium lọ́jà. Òótọ́ ni: ní 2021 ni CATL, ilé iṣẹ́ bátìrì kan ní Ṣáínà, gbé tirẹ̀ jáde. Iyọ̀ sodium wà káàkiri ayé, bébà àlùmíníọ̀mù ni wọ́n lè lò lápá méjèèjì dípò bàbà, nítorí náà gbígbẹ ò fi bẹ́ẹ̀ pa á lára. Mo fẹ́ràn ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ máa ń lọ láti bíi 4V wá sí 2V tàbí 1.5V, LFP ò sì jìn tó bẹ́ẹ̀ láàárín kíkún àti gbígbẹ. Inverter 48V tó ń pa ara rẹ̀ ní bíi 42V á fi ọ̀pọ̀ iná sílẹ̀ nínú rẹ̀ láìlò. Ẹ má ra sodium àfi tí ìwé inverter yín bá dárúkọ ọ.

Mímú wọn dọ́gba

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń kánjú. LFP ní ìwà kan: láti ìdá 20 sí ìdá 80 ṣáájì rẹ̀, V rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Sẹ́ẹ̀lì méjì lè jọ wà ní 3.30V, kí ọ̀kan ní ìdá 50, kí èkejì ní ìdá 65. Nígbà tí wọ́n bá sún mọ́ kíkún ni ìyàtọ̀ náà á fara hàn: ọ̀kan á fò dé 3.65V, BMS (pátákó kékeré tó ń ṣọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì) á gé iná, àwọn yòókù ò sì tíì yó. Ẹni tó ni bátìrì á ní wọ́n ta ayédèrú fún òun, bẹ́ẹ̀ wọn ò mú un dọ́gba ni.

Ẹ kọ́kọ́ so mẹ́rìndínlógún náà tẹ̀lé ara wọn pẹ̀lú BMS, kí ẹ gbá ṣáájì títí BMS yóò fi gé e. Lẹ́yìn náà ẹ tú wọn. Ẹ so gbogbo pọ́sítífù pọ̀, kí ẹ so gbogbo nẹ́gẹ́tífù pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wọn wọ́n. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá fi ju 0.05V lọ yàtọ̀ sí èkejì, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi títí wọn á fi súnmọ́ra, nítorí iná tó máa sáré láàárín wọn pọ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ ṣáájì tí a lè yí nọ́ńbà rẹ̀ wá, kí ẹ yí i sí 3.65V gééré kí ẹ tó so ó mọ́ ohunkóhun. Ẹ lò ó ní 10A, kí ẹ dúró títí iná tó ń wọlé yóò fi sọ̀kalẹ̀ sí bíi 2A.

Ó máa pẹ́. Ẹni tó bá yí i sí 4V kó lè yára, tó sì sùn lọ, á bá sẹ́ẹ̀lì wíwú mẹ́rìndínlógún láàárọ̀. Lókè 3.65V, kò sí àyè mọ́ fún iná tó ń wọlé; omi inú rẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ di gáàsì.

Títò ó pọ̀

Ẹ bọ́ òrùka, aago ọwọ́ àti ṣéènì ọrùn. Ẹ fi téèpù iná wé sípánà, kí ẹnu rẹ̀ nìkan ṣẹ́kù. Láàárín sẹ́ẹ̀lì kan àti èkejì, ẹ fi bébà tí iná ò lè gbà kọjá sí i, nítorí páànù ara sẹ́ẹ̀lì náà ní iná, ọ̀rá aláwọ̀ búlúù tó bò ó sì tètè máa ń ya. Ẹ fi pákó sí ìpẹ̀kun méjèèjì, kí irin gígùn mẹ́rin tó ní nọ́ọ̀tì dì wọ́n mú, kí wọ́n má lè mì. A kì í fún wọn pa.

Afẹ́fẹ́ Èkó ní iyọ̀ àti ọ̀rinrin, pàápàá ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti gbogbo ibi tó sún mọ́ ọ̀sà. Orí sẹ́ẹ̀lì jẹ́ àlùmíníọ̀mù, kò sì ní pẹ́ tí ìpata fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fi máa bò ó. Ẹ fi sáńpépà kíkúnná ha á, ẹ fi gíríìsì tó wà fún ojú iná pa á díẹ̀, kí ẹ gbé ọ̀pá bàbà pẹlẹbẹ lé e lójú ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀tì M6 máa ń fẹ́ bíi 4 sí 6Nm. Ìwé sẹ́ẹ̀lì yín ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Bí ẹ bá fi agbára bọ́ ojú ìdè àlùmíníọ̀mù, kò sí àtúnṣe.

Wáyà kéékèèké tó ń lọ sínú BMS jẹ́ 17 fún sẹ́ẹ̀lì 16. Kí ẹ tó ki ẹnu wọn bọ BMS, ẹ fi mítà wọn wọ́n láti nẹ́gẹ́tífù àkọ́kọ́: 3.3V, 6.6V, 9.9V, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé bíi 53V. Bí nọ́ńbà kan bá fo ìgbésẹ̀ tàbí tó padà sẹ́yìn, wáyà méjì ti pààrọ̀ àyè. BMS tí a bá fi wáyà òdì sí kì í jí mọ́.

Fún inverter 3,000W, iná tó máa gba inú wáyà ńlá tó bíi 70A. Wáyà bàbà 25mm² dára, pẹ̀lú fíúsì 125A tí a so mọ́ pọ́sítífù, kí ó sún mọ́ bátìrì gan-an. BMS 100A tó fún un. Kí fíúsì náà jẹ́ ti DC, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Class T. Bí ṣọ́ọ̀tì bá ṣẹlẹ̀, tí ìdènà gbogbo ọ̀nà bá jẹ́ 0.01 ohm, 5,000A ló máa sáré jáde. Brékà AC tí wọ́n ń fi sára ògiri kò lè gé irú iná yẹn, nítorí iná AC máa ń dé òdo fúnra rẹ̀ léraléra, DC kì í dé òdo. Ẹnu brékà á máa jó lọ ni.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi wáyà kan inverter, iná á ta pàrà, torí pé kapásítọ̀ inú rẹ̀, ohun tó ń tọ́jú iná díẹ̀, ṣófo. Ẹ fi resistor bíi 50 ohm tàbí gílóòbù àtijọ́ oní-100W, irú èyí tó máa ń gbóná, la àárín fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kí ẹ tó so ó pọ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ tan áyọ́ọ̀nù kan, kí ẹ fi mítà wọn orí sẹ́ẹ̀lì kan sí orí èyí tó kàn, lórí ọ̀pá bàbà. Ìsopọ̀ tí tirẹ̀ bá tó ìlọ́po mẹ́ta àwọn yòókù ò dì dáadáa. Ẹ tú u, ẹ tún un ha.

Nọ́ńbà inú inverter

Ẹ yan "User" tàbí "Li", ẹ má fi í sí tubular. Absorption, ibi tí ṣáájì á gbé e dé: 56.0V, ìyẹn 3.50V fún sẹ́ẹ̀lì kan. Float, ibi tí á máa wà lẹ́yìn tó bá kún: 53.6V. Ibi tí inverter á ti gé iná: 48.0V. Ṣáájì: 30A sí 50A. Equalise, ṣáájì gíga tí wọ́n fi ń mú tubular dọ́gba, gbọ́dọ̀ wà ní pípa, àtúnṣe V nítorí ooru náà bẹ́ẹ̀. Equalise ti tubular lè gbé e dé 60V. Ẹ fi 16 pín in, ẹ rí 3.75V. BMS á gé iná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ààbò ìkẹyìn ni BMS, kò yẹ kó máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Nínú BMS, 3.65V lókè, 2.5V nísàlẹ̀, kí ìmúdọ́gba sì bẹ̀rẹ̀ ní 3.40V.

Nítorí pé V rẹ̀ kì í yí padà, iye ṣáájì tí ojú inverter ń fi hàn kì í ṣe ohun tí a lè gbọ́kàn lé. Ẹ ra shunt tó ń ka Ah tó wọlé àti èyí tó jáde.

Ibi tí a ó gbé e sí

Ooru àti kíkún lápapọ̀ ló ń dà á láàmú jù: wọ́n ń mú kí awọ tó wà lára carbon lápá nẹ́gẹ́tífù rẹ̀ máa nípọn, lithium á sì máa há síbẹ̀. Ìdí nìyí tí float fi kéré. Ẹ má gbé e sábẹ́ páànù òrùlé, ẹ má gbé e sínú ilé jẹnẹrétọ̀. Ní àdúgbò tí omi òjò ti máa ń wọlé, ẹ kan ibùsùn irin mọ́ ògiri, kí ó ga ju ojú ibi tí omi dé rí lọ. Kí ó má sí nínú yàrá tí ènìyàn ń sùn, kí ó má sì dí ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo tí ilé ní.

Bí ẹ bá ń lọ sílé fún Kérésì, ẹ fi í sílẹ̀ ní ìdajì, kí ẹ gé brékà, nítorí inverter tó wà ní títàn á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Tubular tí ẹ yọ kúrò, ẹ má da omi rẹ̀ sí gọ́tà. Òjé inú rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ tà á pẹ̀lú omi rẹ̀ nínú fún ẹni tó ń gbà á lọ sí ilé iṣẹ́ tó ń tún un yọ́. Sẹ́ẹ̀lì lithium tó bá sì wú kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìdọ̀tí tí LAWMA ń kó, nítorí ọkọ̀ wọn máa ń tẹ ìdọ̀tí pọ̀, sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá sì tẹ̀ fọ́ lè gbaná. Ẹ fi téèpù bo orí rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ gbé e sínú ike tó ní yanrìn, níta, lábẹ́ ìbòòji, títí ẹni tó ń kó ẹrù ẹ̀rọ iná á fi wá gbé e.