Bí A Ṣe Lè Sọ Ìtàn Chekhov Di Fíìmù

Ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ gbé iṣẹ́ àwọn àgbà òǹkọ̀wé ilẹ̀ Rọ́ṣíà sójú fíìmù ló máa ń sáré tọ ìwé ńlá lọ, ibẹ̀ sì ni owó wọn máa ń tán sí. Nígbà tí Sergei Bondarchuk ṣe fíìmù “Ogun àti Àlàáfíà” ti Tolstoy, tó jáde ní 1966 sí 1967, apá mẹ́rin tó gùn tó nǹkan bíi wákàtí méje ni ó já sí, ìjọba Soviet sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun fún un. Ta ni yóò kó ọmọ ogun fún yín? Ìtàn kúkúrú ni kí ẹ mú. Èyí tí mo fara mọ́ jù ni ìtàn obìnrin tó ń mú ajá kékeré rìn kiri, tí Anton Chekhov tẹ̀ jáde ní 1899: Anna ni obìnrin náà, ó ti lọ́kọ, òun àti Gurov, ọkùnrin ará Moscow tó ti níyàwó, sì ń fẹ́ ara wọn ní bòókẹ́lẹ́.

Ní ti ẹ̀tọ́ oníǹkan, Chekhov ti kú láti 1904, kò sí ẹni tí yóò béèrè owó ìtàn náà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí ìtumọ̀ tuntun lè ní olówó tirẹ̀. Ti Constance Garnett, tó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, tó sì kú ní 1946, kò ní wàhálà mọ́ ní Britain.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú bírò, kí ẹ fàlà sábẹ́ ohun gbogbo tí ojú lè rí tàbí tí etí lè gbọ́ nínú ìtàn náà. Ẹ wo yàrá òtẹ́ẹ̀lì ní Yalta, ìlú etí òkun tí wọ́n ti pàdé, níbi tí Anna jókòó tó ń kẹ́dùn pé òun ti di ẹni ẹ̀tẹ́, tí àbẹ́là kan ṣoṣo ń jó lórí tábìlì. Gurov rí bàrà olómi níbẹ̀, ó gé e, ó sì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó kéré tán ìdajì wákàtí kọjá láìsí ẹni tó sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe fi orin sí i, ẹ má sì ṣe wá ọ̀rọ̀ ìtùnú sí Gurov lẹ́nu. Ìró ọ̀bẹ àti ìró ẹnu tó ń jẹun ti tó láti fi irú ọkùnrin tó jẹ́ hàn.

Ibi tó ṣòro ni èrò inú. Ní Moscow, Gurov fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ obìnrin náà fún òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí wọ́n jọ ta káàdì, ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn ti wọ ọkọ̀ orí yìnyín rẹ̀, ó kàn yíjú padà láti sọ pé òótọ́ ni Gurov sọ lẹ́ẹ̀kan, pé ẹja tí wọ́n jẹ ti ń rùn. Chekhov wá fi ìpínrọ̀ kan ṣàlàyé ìbínú Gurov. Ẹ yọ ìpínrọ̀ náà kúrò, ẹ má sì ṣe gbé e fún ohùn tó ń ka ìtàn lábẹ́lẹ̀, tí mo kà sí ọ̀nà àbùjá. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà dúró sí ojú òṣèré títí ọkọ̀ náà yóò fi lọ tán.

Tí ẹ bá fẹ́ gbé ìtàn lọ sí ilẹ̀ mìíràn, ohun tó ń ni ẹ̀dá lára níbẹ̀ ni kí ẹ gbé lọ. Akira Kurosawa, olùdarí fíìmù ará Japan, gbé ìwé kan tí Dostoevsky ará Rọ́ṣíà kọ lọ sí Hokkaido ní Japan ní 1951, níbi tí òtútù ti le bíi ti Rọ́ṣíà. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan náà gbé eré tí Gogol ará Rọ́ṣíà kọ nípa olùbẹ̀wò ìjọba wá sí Nàìjíríà fún orí ìtàgé, nítorí ìbẹ̀rù olùbẹ̀wò tó ń bọ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn aláṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ wa.

Òpin ìtàn ni àwọn olówó yóò bá yín jà lé lórí. Ní 1927, nínú fíìmù tí Greta Garbo ti ṣe Anna Karenina, obìnrin tó pa ara rẹ̀ nínú ìwé Tolstoy, ilé-iṣẹ́ fíìmù MGM ya òpin ìdùnnú kan fún àwọn ilé sinimá Amẹ́ríkà. Chekhov kò pa ẹnikẹ́ni, kò sì ṣe ìgbéyàwó fún ẹnikẹ́ni: Gurov àti Anna tirẹ̀ ṣì ń jíròrò nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì bí wọn yóò ṣe bọ́ nínú ìfarapamọ́ nígbà tí ìtàn parí. Ẹ kọ òpin yìí sínú ìwé àdéhùn kí ẹ tó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.