BP Tí Kò Bára Mu: Ìdáhùn fún Ẹ̀yin Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kó akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wá sí wọ́ọ̀dù ni mo máa ń dáhùn àwọn ìbéèrè yìí lórí wíwọn BP, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Ó ti ń sú mi, àmọ́ nọ́ńbà tí ẹ bá kọ sínú fáìlì ni dókítà máa wò kó tó kọ oògùn, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ma, mi ò gbọ́ nǹkan kan rárá.
Ẹ yí ojú stethoscope yín, ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gbọ́ ìró, wò, bóyá òdìkejì rẹ̀ ló ṣí. Ẹ fi ìka wá iṣan tó ń lù ní kòtò ìgbúnwọ́, lápá ibi tó sún mọ́ ara aláìsàn. Ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e lé.

BP gbogbo ẹni tó sanra ló ń ga lọ́wọ́ mi.
Cuff yín, ìyẹn aṣọ tí ẹ ń wé mọ́ apá tí ẹ sì ń pọ́ǹpù, ló kéré. Ẹ lọ mú ńlá wá.

Ó ga láàárọ̀, kò pẹ́ ló wálẹ̀, aláìsàn ò sì lo nǹkan kan.
Ṣé ó jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú 5? Ṣé ó ti tọ̀? Ṣé kò gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀? Ṣé ẹ ò máa bá a sọ̀rọ̀? Apá gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀gangan ọkàn. Bó bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 rẹlẹ̀, nọ́ńbà á fi bíi 7 tàbí 8 mmHg (òṣùwọ̀n BP) lé sí i.

Èmi rí 150, ẹnìkejì mi rí 200, aláìsàn kan náà!
Èyí ló le jù. Ìró tí ẹ ń gbọ́, èyí tí Nikolai Korotkoff, dókítà ará Rọ́ṣíà, ṣàlàyé ní 1905, wá látinú ẹ̀jẹ̀ tó ń fipá gba inú iṣan tí cuff fún pọ̀. Bí cuff bá fún iṣan pa, ẹ̀jẹ̀ ò kọjá, kò síró. Bó bá tú u sílẹ̀ tán, ẹ̀jẹ̀ á ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́, kò síró. Ibi tí ìró ti bẹ̀rẹ̀ ni nọ́ńbà òkè, ibi tó ti dákẹ́ ni nọ́ńbà ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn kan, ìró tún máa ń pòórá láàárín kó tó padà.

Bàbá àgbàlagbà kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tí fáìlì rẹ̀ dà rú: àárọ̀ 150, ọ̀sán 204, alẹ́ 148. Wọ́n ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ohun tó wù wọ́n. Mo pààrọ̀ ẹ̀rọ, mo pààrọ̀ cuff, mo wọn apá méjèèjì, pàbó ló já sí. Níkẹyìn mo fi ìka sí iṣan ọrùn ọwọ́ bàbá, mo wá ń pọ́ǹpù díẹ̀díẹ̀. Ní 170, etí mi ò gbọ́ nǹkan kan, síbẹ̀ iṣan ń lù kì kì kì lábẹ́ ìka mi. Ó kọjá 200 kó tó dákẹ́. Mo tú u sílẹ̀: ìró bẹ̀rẹ̀ ní 204, ó pòórá ní 180, ó tún padà ní 150. Ẹni tó bá pọ́ǹpù dé 170 péré, inú àlàfo yẹn ló bọ́ sí, 150 ló sì máa kọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò purọ́ rárá. Àwọn àgbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí iṣan wọn ti le, ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ìka mọ ibi tí iṣan ọrùn ọwọ́ ti dákẹ́, kí ẹ pọ́ǹpù kọjá ibẹ̀ ní 30, kí ẹ sì máa tú u sílẹ̀ ní 2 sí 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìró bá ṣì ń ṣe ségesège, ẹ jẹ́ kó na apá sókè fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ pọ́ǹpù, kó gbé e wálẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n.

Ìró aláboyún ò dákẹ́ títí dé òdo.
Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ mú ibi tí ìró ti rọ̀ gẹ́gẹ́ bíi nọ́ńbà ìsàlẹ̀, kí ẹ sì kọ òdo náà tì í: 110/60/0.

Ìgbà wo ni kí n pe ọ̀gá?
Bó bá dé 180/120, ẹ pè wọ́n. Bí orí fífọ́, àyà dídùn tàbí ojú ṣíṣú bá wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ sáré. Fún aláboyún, 140/90 ti tó láti pè wọ́n. Apá tí wọ́n ti ṣe ojú dialysis (fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀) sí, ẹ má fi cuff kàn án.