Ìwé insọ́ránsì "ti ọlọ́pàá" ló tún ẹ̀yìn ọkọ̀ mi ṣe

Ọjọ́ Ẹtì kan ni, nínú oṣù kẹfà ọdún 2025, ní Ìbàdàn. Mo ń bọ̀ láti ìhà U.I., mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọjà Bódìjà, nígbà tí obìnrin kan tó ru ata bọ́ sójú títì. Mo tẹ búréèkì, mo dúró. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi ò dúró. Gbàà! Orí mi fì síwájú, ó fì sẹ́yìn.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fọwọ́ kan ọrùn mi, mo rí i pé kò sí ohun tó ṣe mí. Ọ̀dọ́kùnrin tó gbá mi náà ti bọ́ sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Kí n tó lanu, ó ti dọ̀bálẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Fóònù ni mo wò."

Ẹni tó bá ń gbé Ìbàdàn á ti mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Kí á tó ṣẹ́jú pẹ́, èrò ti pé lé wa lórí, gbogbo wọn ń bá a bẹ̀ mí. "Mọ́mì, ẹ dákun, ọmọ yín ni." "Ẹ dúpẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ò ta sílẹ̀." Bàbá kan ní kí n gba ohun tó bá wà lọ́wọ́ ọmọ náà, kí n máa lọ. Ọmọ náà yọ ₦20,000. Mo wo ẹ̀yìn ọkọ̀: bọ́ńpà ti ya lápá òsì, iná ẹ̀yìn ti fọ́, bùútù ò pa dé dáadáa mọ́. Lójú, kò pọ̀. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi rí. Ó gba owó lójú títì, nígbà tó dé ọ̀dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì bítà, owó náà ò ra bọ́ńpà. Mo sọ fún wọn pé mo ti dárí jì í, tọkàntọkàn sì ni mo fi sọ ọ́. Àmọ́ àforíjì lọ́tọ̀, owó àtúnṣe lọ́tọ̀.

Mo kọ́kọ́ ya fọ́tò kí ẹnikẹ́ni tó sún ọkọ̀. Mo ya ọkọ̀ méjèèjì papọ̀ kí nọ́ńbà wọn hàn, mo ya ibi tó ya, mo tún ya títì fúnra rẹ̀ kí á lè mọ ibi tí a wà. Lẹ́yìn náà la kúrò lọ́nà fún àwọn tó ń fọn fèrè. Mo wá bi í bóyá ọkọ̀ rẹ̀ ní insọ́ránsì.

"Ó wà, mà. Ti ọlọ́pàá yẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń pè é nìyẹn: ìwé tí a fi ń kọjá lójú ọlọ́pàá. Ó ní nígbà tí ọlọ́pàá kéde pé àwọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò láti ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2025 lòun sáré rà á. Third party ni. Òfin adójútòfò ọdún 2003, tí a ń lò nígbà náà, ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọkọ̀ tó ń rìn lójú títì. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, ₦15,000 lọ́dún ni ti ọkọ̀ ara ẹni, ₦5,000 ni tẹ́lẹ̀. Ohun tí ọmọ náà ò mọ̀ ni pé ìwé yẹn lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà fún dúkìá ẹlòmíràn tí òun bá bà jẹ́. Ti ọkọ̀ òun fúnra rẹ̀ ni kò ní san. Ìwé ayédèrú pọ̀ nígboro, nítorí náà mo tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ sí askniid.org lórí fóònù mi, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ń kó orúkọ ọkọ̀ sí. Ó jáde. Ojúlówó ni, ó sì di oṣù kejì ọdún 2026 kó tó parí.

A lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà, a kọ tẹnu wa. Ọjọ́ Ajé ni mo gba ìwé ìjábọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ há ni ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Ẹni tó ra ìwé gbọ́dọ̀ lọ fi tó ilé-iṣẹ́ rẹ̀ létí, kó sì kọ fọ́ọ̀mù tirẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ owó tí ìwọ ń retí á dúró sójú kan. Ẹ̀rù ń bà á, ó rò pé owó ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ òun. Àràárọ̀ ni mo ń pè é, mo máa kí i, mo máa béèrè ìyá rẹ̀, kí n tó dárúkọ fọ́ọ̀mù. Ní Ọjọ́rú, ó lọ.

Èmi gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá pánẹ́ẹ̀lì. Ó wò ó yíká, ó ní ₦160,000. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tú bọ́ńpà ná." Ó tú u. Irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti tẹ̀ bí ọrun. Ó gbé sípíà táyà kúrò, ó ká kápẹ́ẹ̀tì: ilẹ̀ bùútù ti wú jọ bí aṣọ tí a fún tí a ò sá. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì, èmi tí mo dúró lókè sì rí ìmọ́lẹ̀ náà nínú bùútù. Ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ ti là. Kò ju kí èékánná wọ̀ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n omi òjò á gba ibẹ̀ wọlé, èéfín sálẹ́ńsà náà á sì gba ibẹ̀ wọlé bá ẹni tó jókòó sẹ́yìn. Ọmọ mi ló ń jókòó síbẹ̀. Ká ní mo ti gba ₦20,000 yẹn, mi ò bá má mọ̀.

Ìwé tó kọ lẹ́yìn náà rèé: bọ́ńpà tòkunbọ̀ ₦65,000, iná ẹ̀yìn ₦30,000, iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì ₦70,000, kíkùn ₦80,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦245,000. Mo fi í pẹ̀lú lẹ́tà mi, ìjábọ̀ ọlọ́pàá, fọ́tò, ẹ̀dà ìwé ọkọ̀ mi, láísẹ́ńsì mi àti ẹ̀dà insọ́ránsì ọmọ náà, mo kó o lọ sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀, mo sì ní kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tèmi. Mi ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ọkọ̀ títí ẹni tí ilé-iṣẹ́ náà rán fi wá wò ó. Takisí Micra ni mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní gbogbo àsìkò yẹn. Nígbà tí ẹni tí wọ́n rán náà dé, ó gé ₦15,000 kúrò nínú owó kíkùn. Mi ò bá a jà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ pé kí n fọwọ́ sí i pé ₦230,000 ni mo gbà, mi ò sì tún ní béèrè nǹkan kan mọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Torí irú ìwé yìí ni mo ṣe ní kí wọ́n tú bọ́ńpà kí á tó kọ iye kankan. Owó wọ àkáǹtì mi ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún.

Gétì la ti ra bọ́ńpà, ní ọjà Àràrọ̀mí. Ọ̀gá pánẹ́ẹ̀lì tẹ̀ lé mi, ó ń ki ìka bọ ojú kílíìpù kọ̀ọ̀kan. Ó dá méjì padà kó tó gba ẹ̀kẹta, tó jẹ́ àwọ̀ ewé. Corolla 2005 ni tèmi, àwọ̀ fàdákà, fàdákà sì pọ̀ níríṣiríṣi. Péńtà ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, ó ka nọ́ńbà àwọ̀ ọkọ̀ lára ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló fi po ọ̀dà. Ó wọ́n ọn sí ìdérí agolo, ó gbé e ti ara ọkọ̀ nínú oòrùn, ó ní ó dúdú díẹ̀, ó tún un pò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wá kun ún, ó jẹ́ kí ọ̀dà náà fẹ́lẹ́ wọ ara tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ojú má baà rí ibi tí tuntun ti pàdé àtijọ́.

Mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Ó pè mí, ó ní òun ò mọ̀ pé ìwé yẹn ń ṣiṣẹ́.

Òjò ńlá kan rọ̀ lọ́jọ́ kejì tí mo gbé ọkọ̀ délé. Bó ṣe dá, mo ṣí bùútù, mo ká kápẹ́ẹ̀tì, mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra ilẹ̀ abẹ́ sípíà táyà títí dé igun. Ó gbẹ táútáú.