Èérún Funfun Nínú Àwòrán Ọmú: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀

Bí èsì mammogram, ìyẹn àwòrán ọmú tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà, bá jáde tí wọ́n kọ "calcification" sínú rẹ̀, èérún calcium (èròjà tó ń mú egungun le) tó dì sínú ẹran ọmú ni wọ́n rí. Funfun ló máa ń hàn nínú àwòrán. Ọwọ́ kì í bà á, kì í sì í dunni. Ó wọ́pọ̀ lára obìnrin tó ti lé ní ẹni 50 ọdún, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ.

Ẹ má tìtorí ẹ̀ sá fún wàrà tàbí edé o. Calcium inú oúnjẹ kọ́ ló ń lọ dì síbẹ̀. Ọjọ́ orí, ibi tí ọmú ti fara pa rí, iṣẹ́ abẹ, kókó àtijọ́ tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń le: irú wọn ló sábà ń fà á.

Dókítà tó ń ka àwòrán máa ń wo bí èérún ṣe tóbi tó, bó ṣe rí àti bó ṣe tò. Èyí tó tóbi, tó rí roboto, tó fọ́n káàkiri ọmú méjèèjì kì í sábà mú ìfura wá. Àmọ́ bí wọ́n bá kéré ju ìdajì mìlímítà lọ, tí wọ́n ṣù jọ sójú kan, tí ìrísí wọn kò dọ́gba, tàbí tí wọ́n tò tẹ̀ léra tí wọ́n sì yà bí ẹ̀ka igi, àfi kí wọ́n wádìí ẹ̀. Ó lè jẹ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó ṣì há sínú ọ̀nà tí omi ọmú ń gbà, tí kò tíì ràn jáde. Ìgbà yẹn gan-an ni ìtọ́jú rẹ̀ rọrùn jù.

Nínú èsì náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ BI-RADS sí, ìyẹn nọ́ńbà tí dókítà fi ń sọ bí ìfura jẹjẹrẹ ṣe tó. 0 ni pé wọ́n ṣì fẹ́ ya àwòrán sí i. 2 kò léwu. 3 ni pé ó jọ pé kò léwu: nínú 100 obìnrin, kì í sábà ju 2 lọ tó máa jẹ́ jẹjẹrẹ, wọ́n á ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù 6. Tó bá jẹ́ 4 tàbí 5, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ yọ díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún yín ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó dùn yín. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n kọ 4 fún ni kò ní jẹjẹrẹ.

Oṣù 6 yẹn ló ń kó mi lọ́kàn sókè jù. Ara le, iṣẹ́ oko dé, owó ò sí, ó sì di ìgbàgbé. Ẹ̀yin ọkọ àti ọmọ, ẹ bá wọn kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ẹ tọ́jú àwòrán àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ìwé èsì nìkan, torí òun ni wọ́n á fi wé tuntun kí wọ́n lè mọ̀ bóyá èérún náà ń pọ̀ sí i.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ẹ má fi àtíkè, ìpara tàbí lọ́fínńdà sí ọmú àti abíyá. Àwọn kan nínú wọn máa ń hàn bí èérún gẹ́lẹ́.

Bí ẹ bá kan kókó, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lórí ọmú, tàbí tí awọ ibẹ̀ ń súnkì, ẹ má dúró de oṣù 6. Ẹ lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, bí èsì tó kọjá tiẹ̀ dáa.