Ẹnu Ń Sunkún, Ẹsẹ̀ Ń Jó: Bí Mo Ṣe Gbọ́ Die Fledermaus Dé Ìdí

Àwo tí mo gbọ́ ni èyí tí Carlos Kleiber darí ní Munich lọ́dún 1975. Die Fledermaus jẹ́ operetta, ìyẹn eré apanilẹ́rìn-ín tí wọ́n ń fi orin ṣe; Johann Strauss ọmọ ló kọ orin rẹ̀. Ní Vienna ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, lọ́jọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1874.

Mo kọ́kọ́ pa ètò tó máa ń da orin rú lórí fóònù, torí ìtàn ló wà níbẹ̀. Mo wá ki íápíìsì bọ etí. Ẹnu fóònù kì í gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ double bass, gòjé ńlá olóhùn ìsàlẹ̀, ló ń lu "ọ̀kan" nínú waltz, ijó tí wọ́n ń kà ní "ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta", tí violin àti viola, àwọn gòjé kéékèèké, ń fi "èjì, ẹ̀ta" dá a lóhùn. Bí "ọ̀kan" bá sọnù, ijó náà kò lẹ́sẹ̀ mọ́. Mo ń fi ìka kà á lórí tábìlì: "èjì" àwọn ará Vienna máa ń yọ dé kí ìka tó kàn án.

Orin ìṣíde tó bíi ìṣẹ́jú 8. Ẹ dúró de fèrè oboe tó ń dárò nínú rẹ̀, kí ẹ sì há ohùn náà sórí.

Ní ìran kìíní, Eisenstein fẹ́ lọ ṣẹ̀wọ̀n ọjọ́ 8. Rosalinde ìyàwó rẹ̀, tí Julia Varady ń kọ nínú àwo yìí, wá fi ohùn oboe yẹn gan-an sunkún: "So muss allein ich bleiben", èmi nìkan ni yóò ṣẹ́ kù sílé. Irọ́ ni! Ọ̀rẹ́kùnrin àtijọ́ ló ń retí. Òde àríyá ni ọkọ ń lọ, ibẹ̀ náà sì ni Adele ọmọ ọ̀dọ̀ wọn dorí kọ. Ẹnu wọn ṣì ń ké "o je, o je" nígbà tí polka, ijó ayọ̀ tó yá, bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ìlù ti tú àṣírí wọn. Mo ka ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tán kí n tó gbọ́ ibẹ̀, mo sì gbé ìwé sílẹ̀. Ẹni tó ń kàwé lọ́wọ́ kò ní gbọ́ ìyípadà yẹn.

Orlofsky, ọmọ ọba tó ń ṣe àríyá náà, nìkan ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Obìnrin olóhùn ìsàlẹ̀ tó múra bí ọkùnrin ló sábà máa ń kọ ọ́. Níbí, Ivan Rebroff ń fi ohùn àfipá-gbé-sókè kọ ọ́, ipá yẹn sì hàn ju ìwà ọmọ ọba lọ. Àwo tí Clemens Krauss darí lọ́dún 1950 ni mo fi gbọ́ ipa yẹn dáadáa, níbi tí Sieglinde Wagner ti kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, mo padà sí orin ìṣíde. Bí oboe ṣe bẹ̀rẹ̀ ìdárò rẹ̀, ẹ̀rín ló gbà mí kí polka tó dé.